Kíláàsì Àwòrán Kì í Ṣe Ààtàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àṣà kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí. Bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò tún gbé e ró lọ́la. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà dé ibi tí ó ti di dandan kí wọ́n yan ẹ̀kọ́ tí wọn yóò gbé lọ sí ìdánwò àṣekágbá, olùkọ́ a ṣí ìwé máàkì rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni tirẹ̀. Ọmọ tí ó lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀, lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ ìjọba ni tirẹ̀. Èyí tí kò bá wá mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, olùkọ́ a na ìka sí i, a ní, "Ìwọ, lọ máa yàwòrán." Gbogbo kíláàsì a sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé àṣà yìí kò dára, nítorí pé ọmọ méjì ni ó ń bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ kìíní ni ẹni tí a fi tipátipá rán lọ. Ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ààtàn ni a da òun sí, kò sì ní fi ọkàn sí ohunkóhun tí a bá kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ kejì ni ẹni tí Ọlọ́run fún ní ojú ọnà, ṣùgbọ́n tí ó tún mọ ìṣirò pẹ̀lú. Òun ni bàbá rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ yóò fi ọwọ́ fà kúrò níbẹ̀, tí wọn yóò ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ ọlọ́pọlọ. Báyìí ni ẹni tí kò fẹ́ ṣe é ń ṣe é, tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe é kò sì rí i ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú, kì í ṣe kíláàsì tí a ń pè ní "Áàtì", níbi tí a ti ń kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ni mo ń wí. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní "Fáìn Áàtì" ni mo ń sọ: yíyàwòrán, kíkùn ún ní ọ̀dà, mímọ amọ̀, gbígbẹ́ igi, fífi ọnà sí aṣọ, àti mímọ ìtàn àwọn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí ṣáájú wa. Àjọ ìdánwò tí gbogbo wa mọ̀, WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, tí ó sì so Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gámbíà àti Làìbéríà pọ̀ di ọ̀kan, ń ṣe ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe lórí kẹ́mísírì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìwé dáhùn ìbéèrè, yóò sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè rí. Ẹni tí ó bá rò pé eré ni, kí ó jókòó ti irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wò.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàdédé wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, akọ̀wé, olùkọ́ àti oníwàásù ni wọ́n ń wá. Wọn kò wá ayàwòrán. Ọmọ Yorùbá kan, Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ni ó dìde láti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní yíyàwòrán láti inú àwọn ìwé tí ó ti òkè òkun wá, àti ní 1906 ó ya àwòrán ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó, iṣẹ́ tí a ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn Òyìnbó ni ó gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni náà. Onabolu kò fi ẹnu bá wọn jà. Iṣẹ́ ni ó fi bá wọn jà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí London láti kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní àkọ́yanjú, nígbà tí ó sì padà dé ní 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn.

Ohun tí ó tẹnu mọ́ jù lọ ni bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú, tí ọ̀nà tí ó gbòòrò ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sí òkèèrè. "Perspective" ni Òyìnbó ń pè é. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní "Mister Pespe". Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n létí.

Nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ òun nìkan kò ká iṣẹ́ náà, Onabolu rọ ìjọba pé kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá. Kenneth Murray, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dé ní 1927. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí ó dé, èrò rẹ̀ kò bá ti Onabolu mu rárá. Murray kò fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà máa yàwòrán bí Òyìnbó. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní Umuahia àti ní Ìbàdàn pé kí wọ́n ya ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé wọn, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò àti àwọn agbẹ́gi tí ó wà nílé wọn. Onabolu ní tirẹ̀ gbà pé ìmọ̀ kò ní ìlú, pé ohun tí Òyìnbó mọ̀, ọmọ dúdú gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, kí ẹnu má bàa kò ó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni nínú wọn ni ó jàre? Bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí Onabolu rí, Murray kò rí i; ohun tí Murray rí, ó fo Onabolu. Ẹni tí a ti kẹ́gàn ní ó ń wá ohun tí yóò fi mú ẹlẹ́gàn dákẹ́. Ẹni tí ó wá láti ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ti pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ́ ni ó ń bẹ̀rù kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ níhìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jèrè àwọn méjèèjì. Ní 1937 Murray kó iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ó kọ́ lọ sí London, ó sì pàtẹ wọn. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha tí a bí ní 1917, wà lára àwọn ọmọ náà, òun sì ni ó di ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ̀nà tí a mọ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Kíláàsì àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni a ti rí i.

Ní Gánà pẹ̀lú, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ Achimota fi ẹ̀kọ́ ọnà sí àárín ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́, kì í ṣe sí etí. Nígbà tí ó di 1952, a ṣí ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọnà níbẹ̀ lọ sí Kumasi, ó sì di apá kan yunifásítì tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin ará Gánà tí ẹ wà láàárín wa, ogún ńlá ni èyí jẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àná ni a bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn sí àríyànjiyàn Onabolu àti Murray kò ti ẹnu olùkọ́ jáde. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti jáde. Ní oṣù October 1958, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọnà ní Zaria kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà nínú wọn: Yorùbá, Ìgbò, Urhobo, gbogbo wọn jókòó yí tábìlì kan ká. Wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ àwọn, tí wọ́n jẹ́ Òyìnbó, ń kọ́ àwọn dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nílé àwọn kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò sun ìwé olùkọ́, wọn kò sì sá kúrò ní kíláàsì. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé kí a mú èyí tí ó dára nínú ti Òyìnbó, kí a mú èyí tí ó dára nínú ti baba wa, kí a pò wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tiwa ṣe fẹ́. Okeke padà sí ọnà uli tí àwọn obìnrin Ìgbò ń fi sára àti sí ògiri. Onobrakpeya lọ sínú ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀. Ní 1961 ẹgbẹ́ náà tú ká bí wọ́n ti ń jáde ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò tíì tán títí di ìsinsìnyí. Akẹ́kọ̀ọ́ bí àwa ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é.

Mo ti sọ ìtàn. Ó kù kí n sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń ṣe nínú ọmọ gan-an, nítorí bí kò bá ṣe ohun kan pàtó nínú rẹ̀, ìtàn nìkan kò tó láti fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ gbé ìkòkò kan ka orí tábìlì, kí ẹ sọ fún ọmọ tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí pé kí ó yà á. Yóò ya ẹnu ìkòkò náà ní òbìrìkìtì gbà-ǹ-gbà, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu ìkòkò rí roboto. Yóò fa ìlà gbọọrọ sí ìdí rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ìkòkò náà jókòó sórí tábìlì tí ó tẹ́jú. Ohun tí ó mọ̀ ni ó yà. Kò ya ohun tí ó rí. Láti ibi tí ó jókòó sí, ẹnu ìkòkò náà kò rí roboto rárá. Bí ẹyin tí a dùbúlẹ̀ ni ó rí, ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò wá sọ fún un pé, "Di ojú kan. Na ọwọ́ rẹ tán. Gbé pẹ́ńsù rẹ sókè, kí o fi wọn gíga ìkòkò náà, kí o sì fi wọn fífẹ̀ rẹ̀. Èwo ni ó jù? Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá? Apá wo ni ó ṣókùnkùn jù?" Ọmọ náà yóò wò, yóò pa èyí tí ó ti yà rẹ́, yóò tún un yà. Bí ó bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú rẹ̀ yóò là. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ó ti ń fi ojú kọjá lára rẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí i.

Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, sí à-wò-rántí. Bí ìtumọ̀ náà bá tọ̀nà, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan: kí a wò, kí a mú un dání, kí a lè mú un jáde padà. Kí ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe tí ó ju èyí lọ? Ọmọ tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń wo ìkòkò kò ní ya ewé bí ẹni ya bàtà nígbà tí ó bá dé kíláàsì báólójì. Ẹni tí ó ti wọn ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó fa ìlà, kò ní tètè gba ohun tí kò rí gbọ́. Ìwà ni èyí, kì í ṣe ọgbọ́n ọwọ́ nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọmọ tí ó mọ ìṣirò nílò rẹ̀, ọmọ tí kò mọ ìṣirò sì nílò rẹ̀ pẹ̀lú, tí kò sì yẹ kí a fi ṣe ìyà fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ àtakò mẹ́ta tí a ó gbé dìde sí mi, n kò sì fẹ́ fò wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn òbí: "Kí ni yóò fi jẹun?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ kí ó tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. N kò ní sọ fún un pé gbogbo ayàwòrán ni ó ń là. Àwòrán tí Enwonwu ya ní 1974, èyí tí ó pè ní Tutu, ni a tà ní London ní 2018 ní iye tí ó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Ṣùgbọ́n Enwonwu ti kú láti 1994, kò sì fi ojú rí owó náà. Nítorí náà n kò fi irú owó bẹ́ẹ̀ tan òbí kankan. Ohun tí mo ní láti sọ ni pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yà ni ó ń ya bátànì aṣọ, òun ni ó ń ṣe ìwé àwọn ọmọdé kí ó wu ojú, òun ni ó ń ya ilé kí a tó kọ́ ọ. Demas Nwoko tí mo dárúkọ ní ìṣáájú, ẹ̀kọ́ ọnà ni ó kọ́ ní Zaria, ilé kíkọ́ ni ó sì tún sọ ọ́ di olókìkí, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023. Bruce Onobrakpeya kọ́ àwọn ọmọ ní St. Gregory's College ní Èkó láti 1963 títí di 1980, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń fi jẹun, láàárín ìgbà náà sì ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Lẹ́yìn èyí, mo tún bi òbí náà léèrè: ṣé nítorí pé gbogbo ọmọ yóò di onímọ̀ ìṣirò ni a ṣe ń kọ́ gbogbo wọn ní ìṣirò?

Àtakò kejì ni ti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́: "Kò sí owó ọ̀dà, kò sí owó pépà." Òótọ́ ni pé ọ̀dà wọ́n, òótọ́ sì ni pé ọmọ tí ó ń lọ sí ìdánwò gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀dà kí ó tó dé ibẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ra ohun èlò sí yàrá kẹ́mísírì gbọ́dọ̀ ra èyí náà. Ṣùgbọ́n kì í tán nínú igbá osùn kí a má rí i fi pa ọmọ lára. Èédú wà ní gbogbo ilé ìdáná. Amọ̀ wà ní gbogbo etí odò. Ní Tiébélé, ní Bùrùkínà Fasò, àti ní Sirigu, ní àríwá Gánà, àwọn obìnrin ń fi erùpẹ̀ àti òkúta lílọ̀ ya ọnà sí ògiri ilé wọn, ọnà náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ka ààfin Tiébélé mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 2024. Ẹ yí owó ₦20 Nàìjíríà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni, Gwari ni ẹ̀yà rẹ̀, inú ilé àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ, kì í ṣe ilé ìwé, yunifásítì Zaria sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Amọ̀ lásán ni ó fi dé orí owó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ bí a ó ti jẹ́ ẹ, ẹ wo El Anatsui. Anyako, ní Gánà, ni a bí i sí ní 1944. Kumasi ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọnà, ó kọ́ni ní Winneba, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Nsukka ní Nàìjíríà ní 1975, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìdérí ìgò ọtí, èyí tí ọmọ ọ̀tá kò ní bẹ̀rẹ̀ mú nílẹ̀, ni ó ń fi okùn bàbà so pọ̀, tí wọ́n fi ń di ohun tí ó dà bí aṣọ kẹ́ńtè ńlá, tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ayé ń du. Òun náà gba Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2015. Ọmọ Gánà tí Nàìjíríà gbà bí ọmọ, tí ó sọ ìdọ̀tí di ọ̀ṣọ́: ta ni yóò tún sọ fún wa pé àìsí owó ọ̀dà ni kò jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ?

Àtakò kẹta ni ti ẹ̀sìn, ó sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ dáhùn rẹ̀. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá ń gbẹ́ ère yóò di abọ̀rìṣà. Àwọn mìíràn ní ẹ̀sìn àwọn kò gba kí a ya ohun ẹlẹ́mìí. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ipá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọnà gbòòrò ju ère lọ. Ẹ wo ògiri ilé àtijọ́ ní Zaria àti ní Kano, bí àwọn mọlémọlé Hausa, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ti fi ọnà sí i láìya ènìyàn kan ṣoṣo. Ẹ wo iṣẹ́ awọ wọn, ẹ wo bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kí ó rẹwà. Ní ti àwọn Krìstẹ́nì, àlùfáà Kátólíìkì kan, Fáda Kevin Carroll, kó àwọn agbẹ́gi àti àwọn ahunṣọ jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947. Lamidi Fakeye, tí ó ti ìdílé agbẹ́gi jáde, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ Bamidele, ọmọ Arẹ́ògún, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ààfin. Ọbẹ kan náà ni. Ẹni tí ó mú un dání ni ó mọ ohun tí ó ń fi í gbẹ́.

Ohun mìíràn wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú. Ní 1897 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú Benin, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ. Ní ìgbà tiwa yìí, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ìjọba Jámánì fi ẹ̀tọ́ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2022. Ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà ní 2025. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá dé tán, ta ni yóò mọ̀ wọ́n wò? Bí ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama kò bá lè dúró níwájú orí idẹ kan kí ó sọ bí a ti ṣe dà á, ohun tí ó dára nínú rẹ̀, àti ìdí tí alágbẹ̀dẹ náà fi ṣe ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ láàárín pé ó wà ní ilé àti pé ó wà ní òkè òkun? Àwọn tí ó kó wọn lọ kọ́ ọmọ wọn ní bí a ṣe ń wò wọ́n. Àwa ni a kò kọ́ tiwa.

Mo ti bá òbí wí, mo ti bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí. Ẹ jẹ́ kí n wá bá àwa olùkọ́ wí. Bí kíláàsì àwòrán bá di ààtàn, ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Olùkọ́ a wọlé, a kọ "Ẹ ya ohun tí ó bá wù yín" sójú pátákó, a sì jókòó sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Òmíràn a gbé káàdì kérésìmesì jáde, a ní kí gbogbo ọmọ dà á kọ, ilé tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí. Òmíràn a gba àkókò ẹ̀kọ́ ọnà fún ìṣirò nígbà tí ìdánwò bá súnmọ́. Lẹ́yìn èyí a ó máa yà wá lẹ́nu pé àwọn ọmọ kò ka ẹ̀kọ́ náà sí.

Nítorí náà mo mú àbá mẹ́rin wá, fún gbogbo àwa tí a ó lọ kọ́ni fún ìdánrawò ní sáà tí ń bọ̀, yálà ẹ̀kọ́ ọnà ni a yàn tàbí a kò yàn án.

Èkíní, kí a má ṣe rán ọmọ kankan lọ sí kíláàsì àwòrán nítorí pé ó kùnà níbòmíràn, kí a má sì ṣe dá ọmọ kankan dúró láti lọ nítorí pé ó yege níbòmíràn. Kí a bi ọmọ léèrè, kí a sì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Èkejì, kí a gbé ohun gidi síwájú àwọn ọmọ: ìkòkò, iṣu, ẹsẹ̀ adìyẹ, bàtà tí ó ti gbó. Kí a má ṣe fún wọn ní àwòrán ẹlòmíràn láti dà kọ.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ pe amọ̀kòkò tàbí aláró tí ó wà ní àdúgbò wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí ó sì fún un ní àga bí àlejò pàtàkì. Nígbà tí àwọn ọmọ bá rí i pé olùkọ́ dìde fún ìyá tí ó ń mọ ìkòkò, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyá náà tó fọwọ́ kan amọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa fúnra wa kọ́ ọ. Ẹni tí kò lè ya ọkàn ènìyàn sójú pátákó ní kíláàsì báólójì, tàbí kí ó ya àwòrán odò Ọya àti ẹ̀ka rẹ̀ láìwo ìwé, kò tíì gbaradì láti kọ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tiwa yìí kó ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sójú kan. Ọmọ Gánà mọ ìtumọ̀ àmì adinkra. Ọmọ Yorùbá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọmọ Hausa mọ ọnà ara awọ. Ará Benin tí ó ti Abomey wá mọ aṣọ tí a fi àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀. Síbẹ̀ a lè jọ jókòó ní yàrá oúnjẹ fún ọdún mẹ́ta láìbi ara wa léèrè. Mo bẹ àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa pé kí wọ́n yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní òpin sáà yìí, kí olúkúlùkù mú ohun kan wá láti ilé rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é. Èmi yóò kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé tèmi, kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn yìí kí ìsinmi tó dé.